Awọ Ara, Oòrùn, àti Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí oòrùn ń fi awọ ara ṣe kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kí ó wo ojú àgbàlagbà òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ oko fún ogójì ọdún, kí ó sì wo abẹ́ apá ẹni náà gan-an, níbi tí aṣọ máa ń bò. Ọjọ́ kan náà ni a bí awọ méjèèjì. Síbẹ̀ ti ojú ti le, ó ti hunjọ, àmì ti kún inú rẹ̀, nígbà tí ti abẹ́ apá ṣì tẹ́jú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́ ju pé ó fẹ́lẹ́ díẹ̀ lọ. Lónìí, kò sí dókítà awọ ara tí kò mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń sọ: púpọ̀ nínú ohun tí à ń kà sí ogbó lójú ènìyàn, oòrùn ló ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni tó jà jù lọ kí ayé ìṣègùn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni Albert Kligman, dókítà awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania nílùú Philadelphia, tó kú ní oṣù Kejì ọdún 2010 lẹ́ni ọdún 93. Òun náà ló fi ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n dánra wò láti 1951 títí di 1974. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń la ìtàn rẹ̀ sí méjì. Wọ́n á yin onímọ̀ lápá kan, wọ́n á kẹ́dùn lápá kejì, bí ẹni pé ènìyàn méjì ló jẹ́ orúkọ kan. Èmi kò gbà pé ó ṣeé là bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yóò rí i pé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ibi tí ẹni tó ni awọ ti lẹ́nu ọ̀rọ̀, tó sì lè dìde kó máa lọ sílé rẹ̀. Níbi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn jìyà, ìmọ̀ náà sì pàdánù.

Kligman kọ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí iṣẹ́ oòrùn. Ní 1894, Paul Gerson Unna nílùú Hamburg, ní Jámánì, ti ṣàpèjúwe awọ àwọn atukọ̀ tó ń lo ọdún lórí òkun, bó ṣe ń nípọn, tó ń yí àwọ̀ padà, tí jẹjẹrẹ sì máa ń tìdí rẹ̀ yọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí William Dubreuilh rí ohun kan náà lára àwọn òṣìṣẹ́ oko àjàrà ní agbègbè Bordeaux, ní Faransé. Àmọ́ àìsàn iṣẹ́ ni wọ́n pè é: àìsàn atukọ̀, àìsàn àgbẹ̀. Ti ará ìlú tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, ogbó ni wọ́n ń pe tirẹ̀, wọ́n sì gbà pé ogbó kò lóògùn. Ó gba bí ọgọ́rin ọdún kí ẹnì kan tó so méjèèjì pọ̀, kó sì sọ fún ará ìlú pé ohun tó wà lójú atukọ̀ ló wà lójú òun náà, pé ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Wọ́n bí Kligman sí Philadelphia ní 1916, nínú ìdílé àwọn Júù tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, tí wọn kò lówó lọ́wọ́. Ara rẹ̀ le, ó sì fò dáadáa débi pé òun ni balógun ẹgbẹ́ eléré ìdárayá nígbà tó wà ní Penn State. Ìmọ̀ ewéko ló kọ́kọ́ kọ́. Olú ló ṣe ìwádìí lé lórí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1942, ó sì kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń gbin olú fún títà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tó sì parí ní 1947. Ọ̀nà tó gbé e dé ìdí awọ ara kò ṣòroó rí. Làpálàpá àti ẹsẹ̀ jíjẹ, àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó jẹ́ ẹbí olú ló ń fà wọ́n, àwọn dókítà tó mọ ìṣesí ẹ̀dá wọ̀nyẹn kò sì pọ̀. Ó fẹ́ mọ bí làpálàpá orí ṣe ń wọnú irun, ibi tó ń dúró sí, àti ìdí tó fi máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára àwọn kan. Ìbéèrè gidi ni. Bó ṣe wá ìdáhùn rẹ̀ ni kò dára: ó mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn náà ran àwọn ọmọdé tí làákàyè wọn kò pé, tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1952 láìfi ohunkóhun pamọ́. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg ló ba Kligman jẹ́, pé àǹfààní tó wà níbẹ̀ ló tàn án. Ìwà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fìdí múlẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Holmesburg jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Philadelphia láti 1896. Ní 1951, ẹsẹ̀ jíjẹ gba inú rẹ̀ kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Kligman kó wá wò ó. Nígbà tó ń rántí ọjọ́ náà fún oníròyìn kan ní 1966, ó ní awọ ni gbogbo ohun tí òun rí, awọ tó lọ súà, àti pé bó ṣe máa ń rí lára àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ tajú kán rí ilẹ̀ ọlọ́ràá ló rí lára òun. Àgbẹ̀ kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ilẹ̀ kó tó tu ú. Ohun tó sì mú kí Holmesburg wu onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ṣòroó lóye. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ, ọṣẹ kan náà ni wọ́n fi ń wẹ̀, àkókò kan náà ni wọ́n ń sùn. Kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ọjọ́ àyẹ̀wò, kò sí ẹni tó máa kó lọ sí ìlú mìíràn. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìpara kan ṣe ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kò síbi tó dà bí i. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ oògùn àti ti ohun ìṣaralóge fi ń gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n dán ọṣẹ irun wò níbẹ̀, àti ìpara, àti lọ́fínńdà, àti oògùn tí wọn kò tíì fi lọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lẹ àwọn nǹkan mọ́ ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin náà ní ìlà-ìlà, wọ́n ń fi iná oòrùn àtọwọ́dá jó ojú ibẹ̀, wọ́n sì ń gé awọ kékeré wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn tó jáde láàyè ṣì ń fi àpá onígun mẹ́rin hàn lẹ́yìn wọn lẹ́yìn ogójì ọdún. Nígbà tó yá, ọwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà náà wọ̀ ọ́: láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n dán àwọn kẹ́míkà tó ń da orí ènìyàn rú wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Èyí tó burú jù lọ, ti dioxin ni. Ilé iṣẹ́ Dow Chemical fẹ́ mọ ìwọ̀n májèlé yìí tó máa mú kí irúfẹ́ irorẹ́ burúkú kan yọ sí ara, nítorí pé ó ń yọ sí ara àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n san 10,000 dọ́là fún Kligman ní nǹkan bí 1965, wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá fún un. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lára bí ọgọ́ta ọkùnrin, kò sì sí ohun tó yọ. Ló bá gbé ìwọ̀n náà sókè fúnra rẹ̀ fún àwọn mẹ́wàá: ó fi 7,500 microgram sí wọn lára, ìlọ́po 468 ohun tí Dow là kalẹ̀. Mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́wàá náà ni irorẹ́ náà yọ sí lára, ó sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan pàṣẹ fún un, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un gan-an kò béèrè fún un.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n máa ń sọ, ó sì yẹ kí a fi sùúrù gbọ́ wọn. Èkíní ni pé bí ayé ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà ló ń gba àwọn olùwádìí láàyè, yunifásítì Kligman mọ ohun tó ń ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ níbẹ̀ sì di ọ̀jọ̀gbọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ló jókòó nílùú Nuremberg ní 1947, tí wọ́n dá àwọn dókítà Jámánì lẹ́jọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìdánwò kankan lára ènìyàn bí kò bá fínnú-fíndọ̀ gbà á, láìsí ìfipá kankan, lẹ́yìn tó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Kligman gba oyè dókítà. Ní 1966, àjọ FDA tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kó má dán oògùn wò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí wọ́n fi tú òfin náà. Àwọn kan láyé ìgbà yẹn kò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tí ayé ìgbà tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún kò lè fi ayé ìgbà náà ṣe àwáwí.

Ọ̀rọ̀ kejì ló le jù láti dáhùn: wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n sì gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbowó, owó náà sì ju èyí tí iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà lè mú wá lọ. Àwọn kan nínú wọn sọ lẹ́yìn náà pé owó yẹn làwọn fi ra ọṣẹ, sìgá àti oúnjẹ, pé òun làwọn fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tí àwọn tó ń sọ èyí kì í fi kún un ni irú ọgbà tí Holmesburg jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kò tíì dá wọn lẹ́bi. Ẹjọ́ ni wọ́n ń retí, wọ́n sì wà níbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí owó bélì san. Ọkùnrin tí àìlówó lọ́wọ́ tì mọ́lé, tí wọ́n wá fi owó lọ̀ ní iye tó lè fi ra òmìnira rẹ̀, kò sí ní ipò ẹni tó ń yan ohun tó wù ú. Ìwé tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí, kò sọ ohun tó wà nínú ìpara náà fún wọn. Ẹni tí wọ́n fi dioxin pa lára kò gbọ́ orúkọ dioxin.

Mo wá padà sórí ọ̀rọ̀ ogbó, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti wọ inú sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Awọ wa ní ìpele. Lókè pátápátá ni awọ òde wà, òkú sẹ́ẹ̀lì tó tò lé ara wọn, tí àwọn onímọ̀ ìgbà àtijọ́ kà sí pàǹtírí tí ara ń dà nù. Kligman wà lára àwọn tó fi hàn láti 1964 pé odi ni, pé òun ló ń dá omi ara dúró, tó sì ń lé májèlé sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ibi tí fọ́nrán collagen wà, tó ń mú awọ le gírígírí, pẹ̀lú ti elastin, tó ń jẹ́ kó fà kó sì padà. Lára awọ tí aṣọ bò, ogbó máa ń dín wọn kù díẹ̀díẹ̀. Lára awọ tí oòrùn ń pa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: collagen ń já, elastin sì ń pọ̀ sí i, àmọ́ ó ń pọ̀ ní wúruwùru, tó fi di ìdìpọ̀ tí kò wúlò fún ohunkóhun. Ọ̀nà méjì ni wọ́n, ọ̀kan kì í ṣe àfikún èkejì. Ní 1969, Kligman tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ìbàjẹ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, tipẹ́tipẹ́ kí ojú tó rí i. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Lorraine Kligman, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi eku tí kò nírun ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé bí a bá dáàbò bo awọ tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ oòrùn, ó lè tún ara rẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n kan. Àwọn tó rò pé ogbó kò lóògùn kò retí èyí rárá.

Oògùn tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ni tretinoin, èyí tí wọ́n mú jáde láti ara fítámìn A. Irorẹ́ ni Kligman fi ń tọ́jú pẹ̀lú James Fulton àti Gerd Plewig, ìwé wọn jáde ní 1969, FDA sì fọwọ́ sí i ní 1971 lábẹ́ orúkọ Retin-A. Wọ́n dán an wò ní Holmesburg. Èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé bí kò bá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò ní sí oògùn. N kò gbà. Ní 1962, Günter Stüttgen ti ń fi oògùn yìí kan náà tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Jámánì, láìlo ẹlẹ́wọ̀n kankan. Ó ń ta ara, ó sì ń mú ara pọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí Kligman fi kún un ni ìforítì àti ìwọ̀n tó bá a mu, èyí sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n bó ṣe kúrò lórí irorẹ́ tó bọ́ sórí ogbó ló gba àfiyèsí jù. Àwọn obìnrin tó ti ń dàgbà, tí wọ́n ń lo oògùn náà fún irorẹ́, ló wá sọ fún un pé ojú àwọn ti ń dán, pé híhunjọ ojú àwọn ń dín kù. Kò sí ètò ìwádìí kankan tó ní kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ń wo dígí nílé wọn lójoojúmọ́, wọ́n mọ bí ojú wọn ṣe rí lánàá, wọ́n sì ní dókítà tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ bí aláìsàn ṣe ń bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tó ní ẹ̀yìn òun ń jó òun, ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀? Awọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà níwájú Kligman fún ọdún 23, ẹnu àwọn tó lómìnira ló sì ti gbọ́ ohun tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1986, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé tretinoin ń tún awọ tí oòrùn ti bà jẹ́ ṣe. Àwọn ènìyàn ṣiyèméjì, ó sì tọ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó pa iyèméjì náà wá láti Yunifásítì Michigan. Ní 1988, Jonathan Weiss, John Voorhees àti àwọn yòókù fi oògùn náà pa apá kan lára ọgbọ̀n ènìyàn, wọ́n sì fi ìpara lásán pa apá kejì fún ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó ń lò ó kò mọ èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀, dókítà tó ń wò ó náà kò mọ̀. Apá tí wọ́n fi oògùn pa sàn lára gbogbo ọgbọ̀n wọn. Ara wọn pọ́n, ó yún wọn, àmọ́ wọ́n dúró, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní 1993, àwọn ará Michigan yìí kan náà tún fi hàn pé collagen pọ̀ sí i ní ìdá 80 nínú 100 lára àwọn tó lò ó fún nǹkan bí ọdún kan, nígbà tó dín ní ìdá 14 lára àwọn tó lo ìpara lásán. FDA fọwọ́ sí Renova fún híhunjọ ojú ní 1995. Àwọn ará Nambour ní Australia ló wá fi ẹ̀rí tó lágbára jù gbe apá kejì ọ̀rọ̀ Kligman, ìyẹn apá ìdáàbòbò: àwọn àgbàlagbà 903 tí ọjọ́ orí wọn kò tó 55 ni wọ́n pín, àwọn kan ń fi ìpara adènà oòrùn para lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lò ó bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, ogbó awọ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ kéré ní ìdá 24 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó jáde ní 2013 ṣe sọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí dókítà òde òní dúró lé lórí nípa oòrùn àti ogbó, àwọn tó lè sọ pé rárá ló pèsè rẹ̀.

Kí wá ni ti Holmesburg? Nígbà tí ìlú Philadelphia fòpin sí ìdánwò níbẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tí ìròyìn ìwádìí Tuskegee, níbi tí wọ́n ti fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú, ti dá gbogbo Amẹ́ríkà jí, tí àwọn aṣòfin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, Kligman da ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà gbọ́ nípa ìdánwò dioxin yẹn, ó sì fẹ́ mọ ohun tó dé bá àwọn ọkùnrin náà. Wọn kò rí orúkọ wọn. Ẹ rò ó wò: dioxin ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù nígbà náà nítorí àwọn jagunjagun Amẹ́ríkà tó fara kó o nínú ogun Vietnam, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti fi ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ sí ara ènìyàn tí a mọ̀. Ohun tí à bá ti kọ́ lára wọn nípa jẹjẹrẹ, nípa ẹ̀dọ̀, nípa ọmọ bíbí, ti sọnù láé, nítorí pé ẹni tó ṣe ìdánwò náà kò kà wọ́n sí ẹni tó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀ lọ́la. Kligman sọ títí tó fi kú pé òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fara pa títí láé. Kò sí ẹni tó lè fi àkọsílẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi já a nírọ́. Sáyẹ́ǹsì tí a kò lè yẹ̀ wò mọ́ kò yàtọ̀ sí àhesọ.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá, mo sì rò pé ó yẹ ká mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní 1979, òun àti Kays Kaidbey pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn iye ìtànṣán oòrùn tó ń gba inú awọ òde kọjá. Lára aláwọ̀ dúdú, ìdá 7.4 nínú 100 péré ni ìtànṣán tó ń jóni, tí wọ́n ń pè ní UVB, rí gbà kọjá. Lára òyìnbó, ìdá 24. Ti UVA, tó máa ń wọlé jinlẹ̀, jẹ́ ìdá 17.5 lára aláwọ̀ dúdú, ìdá 55 lára òyìnbó. Melanin ló ń ṣe é, ohun dúdú tó wà nínú awọ wa. Ìdí nìyẹn tí ojú ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkirè fi lè wà ní dídán ní ọjọ́ orí tí ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux ti hunjọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ṣáájú ìwọ̀n yìí, ní 1975, Kligman àti Isaac Willis ti tẹ ìlànà ìpara kan jáde: hydroquinone ìdá 5 nínú 100, tretinoin ìdá 0.1, àti dexamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ìdá 0.1. Wọ́n fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje, ó lè bó àwọ̀ dúdú kúrò pátápátá lára àwọn àgbà ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni àmì dúdú tó máa ń yọ lójú àwọn aboyún àti àpá tí egbò ń fi sílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìyẹn. Àwọn dókítà ṣì ń kọ irú rẹ̀ fún aláìsàn títí di òní, fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú àbójútó.

A kò lè sọ pé Kligman ló kó bíbóra wọ ìlú wa. Ní 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé orin Yellow Fever jáde, ó ń bá àwọn tó ń bóra ní Èkó wí, ọjà náà sì ti ń tà tipẹ́ kí ìwé 1975 tó jáde. Ní South Africa pẹ̀lú, ọdún 1975 yẹn ni G. H. Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn obìnrin tí hydroquinone ti sọ ojú wọn di dúdú kirimù, tó le bí ẹran gbígbẹ, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ẹni tó bá wo ohun tó wà nínú àwọn ìpara tí wọ́n ń pò pọ̀ ní àwọn ọjà wa lónìí yóò bá ẹbí ìlànà yẹn pàdé níbẹ̀: hydroquinone tí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, nígbà mìíràn mẹ́kúrì. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ń pariwo rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ méje lábẹ́ ojú dókítà, wọ́n ń fi í para látorí dé ẹsẹ̀ fún ọdún méje. Sítẹ́rọ́ìdì á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé àwọn dókítà máa ń ṣàròyé pé ojú egbò kì í gba abẹ́rẹ́ dáadáa, kì í sì í tètè jiná. Melanin tó ń dá oòrùn dúró á ti lọ. Oòrùn ilẹ̀ olóoru á wá ráyè ṣe sí awọ wa ohun tó ṣe sí ti àwọn atukọ̀ Hamburg. Ogbó tí ìwádìí Kligman fi hàn pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n ńlá, a ń fi owó wa rà á padà. Ó dùn mí pé ìwádìí 1979 kò dé etígbọ̀ọ́ àwọn tó ń ra ìpara, tí ti 1975 sì dé ọwọ́ àwọn tó ń pò ó.

Ní 2000, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin tó ti wà ní Holmesburg pe Kligman, yunifásítì, ìlú Philadelphia, Dow àti Johnson & Johnson lẹ́jọ́, lẹ́yìn tí ìwé Allen Hornblum ti tú àṣírí náà sí gbangba ní 1998. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù nítorí pé wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó wá. Yunifásítì Pennsylvania tọrọ àforíjì ní 2021, ó fòpin sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tó ń jẹ́ orúkọ Kligman, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ó fi ti Bernett Johnson, dókítà awọ ara tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, rọ́pò. Ìlú Philadelphia tọrọ àforíjì tirẹ̀ ní 2022. Àwọn kan bínú sí èyí. Wọ́n ní kò dára kí a máa dá òkú lẹ́jọ́, pé ẹni tó kọ́ àìmọye dókítà, tó sì fún ayé ní Retin-A, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà níbì kan. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀: ó wà lára gbogbo ìwé tó kọ, kò sì sẹ́ni tó lè kọ ìtàn ìmọ̀ awọ ara láìdárúkọ rẹ̀. Ohun tí yunifásítì yọ kúrò ni ọlá, ọlá sì yàtọ̀ sí ìtàn. Ibi tó kù sí ni ti àwọn ọkùnrin náà àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ń béèrè owó ìtanràn, wọ́n ń béèrè ìtọ́jú, wọ́n sì ń béèrè kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi pa àwọn lára. Àforíjì ti dé ọwọ́ wọn, àmọ́ èyí tó ṣáájú nínú ìbéèrè wọn, ilé ẹjọ́ ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ti ìkẹyìn sì ti bá ìwé tí wọ́n dà nù lẹ́yìn 1974 lọ.